Iṣu Ìdána Tó Lè Hù

Agbóòórùn ẹnubodè ti na imú rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọ inú ọkọ̀ kí Àwẹ̀ró tó rántí láti mí. Imú náà gùn tó apá èèyàn, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi rọ́bà wé, ó sì ń kúrò lórí iṣu kan bọ́ sórí òmíràn nínú apẹ̀rẹ̀ ńlá tó wà láàárín wọn. Òntẹ̀ búlúù kan wà lára iṣu kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni imú náà ń dúró sí. Tó bá ti ka òntẹ̀ tán, iná aláwọ̀ ewé á tàn lórí òpó ẹnubodè, ẹ̀rọ á sì sọ̀rọ̀.

"Òkú," ló ń wí. "Òkú. Òkú. Òkú."

"Ẹ gbọ́ ohun tó ń fẹnu sọ lọ́jọ́ ìdána," ni Bàbá Gbàdà wí. Àbúrò olóògbé ọkọ Àwẹ̀ró ni, òun ni wọ́n sì mú wá láti bá wọn sọ̀rọ̀ nílé àna. "Ẹni tó bá ń gbọ́ ọ láti ìta á rò pé pósí la rù wá."

"Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ rẹ̀, bàbá," ni Ìṣọ̀lá, ọmọ Àwẹ̀ró, dá a lóhùn láti ìjókòó iwájú. Ó wọ aṣọ òfì tuntun, ó jókòó gbọnrangandan kó má bàa hunjọ. "Tí kò bá bá òkú, wọn ò ní jẹ́ ká wọlé."

"Mo mọ̀. Mo kàn ní kó rọra sọ ọ́ ni."

Àwẹ̀ró kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ibi ìpajú ló ti ń ṣiṣẹ́ nínú oko alájà, níbi tí wọ́n ti ń gbin iṣu sínú àpótí lórí àjà, láti ìgbà tí Ìṣọ̀lá ti ń rákò. Ibẹ̀ ni iṣu Gbàgbébi ti ń gba abẹ́ ìtànṣán kọjá, tí ìtànṣán náà á pa gbogbo ibi tó lè yọ ọ̀mùnú lára rẹ̀, kó tó jáde sọ́jà. Òun ló ń tẹ òntẹ̀. Ó mọ̀ pé agbóòórùn kì í gbóòórùn kankan, òntẹ̀ ló ń kà. Ìdí nìyẹn tó fi rọrùn fún un. Lọ́jọ́ tó ń ṣa iṣu ìdána ọmọ rẹ̀, ó pa ìtànṣán náà, ó kó iṣu kọjá lábẹ́ òkùnkùn, ó sì tẹ òntẹ̀ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́.

"Òkú," ni ẹ̀rọ náà wí fún èyí tó kẹ́yìn. Ó fa imú rẹ̀ padà, ọ̀pá ẹnubodè sì gbéra sókè.

Àárín oko ni ọ̀nà Òkè-Ìrójú, ìlú ìyàwó, gbà kọjá. Láti kékeré ni Àwẹ̀ró kò ti fojú kan oko ebè mọ́. Níbí, ebè lọ títí ó fi wọ inú ọ̀run. Wọ́n gbin ẹ̀wà sáàárín wọn, wọ́n to òkúta sí ibi tí ilẹ̀ ti ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí òjò má bàa gbá a lọ. Òórùn ìgbẹ́ màlúù àti ti eérú ń wọlé láti ojú fèrèsé.

"Ọmọ yìí, kí ni wọ́n ń rí jẹ nínú èyí?" ni Bàbá Gbàdà bi Ìṣọ̀lá. "Erùpẹ̀ lásán."

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń kórè lórí ebè kan, bàbá. Ṣíjúadé ìyàwó mi ló fi hàn mí. Wọ́n á kọ́kọ́ bẹ́ iṣu, wọ́n á fi orí rẹ̀ sílẹ̀ sínú ilẹ̀ kó tún ta. Ẹ̀bù wọn kò ju ìka méjì lọ, wọ́n á fi eérú pa á lára, kò ní jẹrà. Wọ́n ń yó. Wọ́n tún ń tà."

"Láìsí ẹ̀rọ."

"Wọ́n ní ẹ̀rọ. Wọ́n ní èyí tó ń fa omi, wọ́n ní èyí tó ń wo òjò. Irúgbìn nìkan ni wọn ò gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

"Àwa náà ń yó," ni Àwẹ̀ró wí.

Ohùn rẹ̀ le ju bó ṣe fẹ́ lọ. Ọmọ rẹ̀ yíjú wò ó. "Màámi, kò sẹ́ni tó ní ẹ ò yó."

Ó rántí ọdún tí òjò kọ̀, tí ìyá rẹ̀ ń bẹ́ ìdí ìbẹ́pẹ, tó ń ṣẹ́ ẹ wẹ́wẹ́ sínú omi iyọ̀ tí wọ́n á mu bí ọbẹ̀. Ó rántí ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó wú, tó jẹ́ pé téèyàn bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ìka náà á wà níbẹ̀. Ó rántí ọjọ́ tí ọkọ̀ Onírúgbìn, ilé-iṣẹ́ tó ni Gbàgbébi, kọ́kọ́ já a sílẹ̀ ní ojúde wọn, tí ìyá rẹ̀ kò dúró kó délé, tó gé e jẹ ní tútù lójú títì, tí oje iṣu náà sì ń yún un lẹ́nu tó ń sunkún tó ń jẹ. Àbúrò rẹ̀ yè. Kò sí ẹni tó máa bú Gbàgbébi lójú Àwẹ̀ró kí inú rẹ̀ dùn.

Ṣùgbọ́n Gbàgbébi yẹn náà ni wọ́n kó wá tọrọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin mú ọ̀kan nínú rẹ̀, ó gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé bí wọ́n ṣe ń ṣe láyé tiwọn láti mọ̀ bóyá ìyàwó máa bímọ, kò sì hù. Ní gbogbo ìgbà tí Àwẹ̀ró bá wálé láti ilé ọkọ tí inú rẹ̀ kò yọ, ìyá náà á lọ dúró ti ebè òfìfo yẹn, á wò ó, á wo Àwẹ̀ró. Ó pẹ́ kó tó rí Ìṣọ̀lá bí. Kò sì rí òmíràn bí lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé àwọn ará Òkè-Ìrójú ṣì máa ń gbin iṣu ìyàwó, ó ti pinnu pé ebè tirẹ̀ kò ní wà lófìfo nílé àna.

Nǹkan kan kọjá lókè ọkọ̀, ó ń kùn bí oyin. Ó kéré, ó funfun, ó ń fò nítòsí ilẹ̀ lórí àwọn ebè, ó ń dúró, ó tún ń lọ.

"Ti ta nìyẹn?" ni Bàbá Gbàdà bèèrè.

"Ẹyẹ Onírúgbìn," ni Ìṣọ̀lá dáhùn, "ẹ̀rọ ni. Ewé ló ń wá. Ìlà kan wà nínú ewé Gbàgbébi tí ojú tiwa kò lè rí. Bó bá rí ẹyọ kan ṣoṣo tó hù nínú oko kan, gbogbo ilẹ̀ yẹn ti di ti Onírúgbìn. Bí wọ́n ṣe gba ilẹ̀ àwọn ará Òkè-Ọ̀tún nìyẹn. Àwọn ló ṣì ń ro ó o, ṣùgbọ́n alágbàṣe ni wọ́n lórí ilẹ̀ bàbá wọn."

Àwẹ̀ró gbá ìborùn rẹ̀ mú. Ohun tí gbogbo òṣìṣẹ́ oko alájà mọ̀ ni pé iṣu tó bá hù lóde, olè ni ẹni tó gbìn ín. Ó ti rò ó pé bí ọ̀ràn bá dé, orí òun nìkan ni. Kò sẹ́ni tó sọ ti ilẹ̀ fún un rí.

Ẹyọ kan ni, ló ń sọ fún ara rẹ̀. Ẹ̀yìn balùwẹ̀ ni wọ́n máa gbìn ín sí, lábẹ́ ìbẹ́pẹ. Ẹyẹ kò ní ríbẹ̀. Bó bá ti hù tí wọ́n ti rí i, òun á wá àwáwí kan wí, òun á hú u.

Ilé Ọdẹ́yalé, bàbá ìyàwó, ni wọ́n ti ń dúró dè wọ́n, lábẹ́ igi ìṣin tó bo gbogbo àgbàlá. Àwọn obìnrin ilé jókòó sórí àga gbọọrọ, ẹnu wọn sì ti mú sílẹ̀.

"Ẹ̀yin ará oko alájà," ni ọ̀kan wí, "ṣé ẹsẹ̀ yín máa lè tẹ erùpẹ̀, àbí ká tẹ́ ike fún yín?"

"Ẹsẹ̀ wa le ju ẹnu yín lọ," ni Bàbá Gbàdà dáhùn, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti ikùn rẹ̀.

"Ẹ wò ó, ó mọ̀ ọ́n. Mo rò pé ẹ̀rọ ló ń bá wọn dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀ ni."

"Ẹ̀rọ ló máa gbé e dìde," ni òmíràn sọ, wọ́n sì rẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rín in láti ilẹ̀.

Ìṣọ̀lá dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. Bàbá Gbàdà sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ní àwọn gbọ́ pé ilẹ̀ Òkè-Ìrójú mú ohun kan jáde tí kò sí nínú àpótí kankan ní gbogbo àjà oko àwọn, ó ní àwọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irú ohun bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn á kọ́ ọ. Ọdẹ́yalé, ọkùnrin gbẹ̀ǹgbẹ̀ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, mi orí. Wọ́n gbé obì, wọ́n gbé orógbó, wọ́n gbé oyin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ iṣu síwájú Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Ọdẹ́yalé.

Ìyá Àgbà fi ìka kan ara iṣu tó wà lókè, ó gbọ́ bó ṣe dún. Ó gbé e síwájú imú. Ó ṣe é pẹ́ ju agbóòórùn lọ.

"Iṣu rèé," ló wí. "Mi ò parọ́ fún yín, àna mi, ó dára. Ẹ̀yin lẹ ṣa á?"

"Èmi ni mà," ni Àwẹ̀ró wí.

"Ojú yín mọ iṣu." Ó yíjú sí i, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ tu èèyàn nínú. "Ẹ má jẹ́ kó tì yín lójú pé kì í hù. Ìyàwó ìlú yín tó wọlé wá síbí, ìyàwó ibí tó lọ bá yín, òkú iṣu ni wọ́n ń kó wá, a mọ̀. Kí ni a wá ń ṣe? A máa gé e, olúkúlùkù obìnrin ilé yìí á mú tirẹ̀ lọ sóko, á rì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀bù tiwa nínú ebè kan náà. Tiyín á jẹrà, á di ìlẹ̀dú. Tiwa á jẹ ẹ́, á sì hù. Iṣu ìyàwó nìyẹn. Tilé ọkọ tilé bàbá ló wà níbẹ̀. Ẹ tiẹ̀ mọ̀ pé ebè yẹn ló máa ń ta jù?"

Ó ki ọ̀bẹ bọ iṣu náà, ó gé e gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń gé e níbẹ̀, kéékèèké, láti orí dé ìdí. Àwọn obìnrin ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gba tiwọn sínú ìṣẹ́po aṣọ, wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn lórí ẹni tó gba èyí tó tóbi. Ìgbà ìgbìn ni. Oko kò jìnnà. Wọ́n ń jáde gba ẹ̀yìn ilé lọ.

Àwẹ̀ró wà lórí orókùn rẹ̀, ó ń wò wọ́n. Wọn kò tiẹ̀ bèèrè pé kó hù. Kò sí ebè òfìfo kankan tó ń dúró dè é níbí. Wọ́n ti wá ọ̀nà kan tí òkú iṣu fi wúlò, láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n sì ń fi ṣeré. Òun nìkan ló gbé ẹ̀gbọ́n bàbá òun dání wọ̀lú.

Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ ń hó.

Ó dìde. Ó ní òun fẹ́ lọ sẹ́yìnkùlé. Wọ́n fi ọ̀nà hàn án, Bàbá Gbàdà sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ẹ̀yìn ilé ni ọgbà kan wà, ebè mẹ́rin ni, ọ̀kan nínú wọn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ wú erùpẹ̀. Ó rí ẹ̀bù méjì tó fara ti ara wọn. Ọ̀kan dúdú, ó ní eérú lára. Ó fi ìyẹn sílẹ̀. Ó mú èkejì, ó sọ ọ́ sínú àpò rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé oko kọ̀ọ̀kan ni òun máa dé, tó bá jẹ́ pé òun lè wí pé òun fẹ́ rí oko, tí òun á máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àwọn obìnrin yẹn bí adìyẹ…

"Ìyá, ẹ n lẹ́ mà."

Ṣíjúadé ni, ìyàwó fúnra rẹ̀. Wọn kò tí ì pè é jáde. Ó gbé korobá omi lọ́wọ́, ìborí rẹ̀ wà léjìká. Ó rí erùpẹ̀ lọ́wọ́ Àwẹ̀ró, ó rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹ ṣubú ni? Ẹ jẹ́ n bu omi sí yín lọ́wọ́."

Ó ń da omi, Àwẹ̀ró ń fọwọ́. Ọmọbìnrin náà wo ebè, ó rí bó ṣe wà. Ó fi ẹsẹ̀ gbá erùpẹ̀ díẹ̀ padà síbẹ̀, bí ẹni tó ń bá àlejò bo àṣírí tí kò mọ̀dí.

"Àwọn obìnrin yẹn, ibo ni wọ́n lọ?" ni Àwẹ̀ró bèèrè. "Ṣé oko wọn pọ̀ síra ni?"

"Rárá mà, kálukú ló ní ibi tirẹ̀. Ti àǹtí mi Moróunmúbọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ààlà Òkè-Ọ̀tún." Ó dúró díẹ̀. "Kí ló dé mà?"

Bí Àwẹ̀ró bá ní kò sí nǹkan, ọmọ yìí á gbà. Ó rí i lójú rẹ̀ pé á gbà. Ìdána á parí, wọ́n á jẹun, ọkọ̀ á gbé wọn lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹyẹ funfun yẹn á dúró lórí ebè kan, lẹ́yìn náà lórí òmíràn. Ṣíjúadé á wà lọ́dọ̀ Ìṣọ̀lá nínú oko alájà nígbà náà, ìròyìn á sì bá a níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé láti ọwọ́ ta ni. Òntẹ̀ sọ pé òkú ni.

"Iṣu yẹn kò kú," ni Àwẹ̀ró wí.

Kò tètè yé Ṣíjúadé. Nígbà tó yé e, ó gbé korobá sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Ṣé nítorí mi lẹ ṣe ṣe é?"

Ẹnu Àwẹ̀ró ti fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ì bá rọrùn. Ì bá tiẹ̀ dùn ún gbọ́.

"Rárá," ló wí. "Nítorí ara mi ni."

Ṣíjúadé ti ń sáré lọ sọ́nà oko kó tó parí rẹ̀, ó ń ká ìró rẹ̀ sókè. Àwẹ̀ró padà sábẹ́ igi ìṣin.

Bàbá Gbàdà wà láàárín ọ̀rọ̀ kan tó ń pa gbogbo wọn lẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró kọjá lára rẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú Ọdẹ́yalé àti Ìyá Àgbà, ó mú ẹ̀bù inú àpò rẹ̀ jáde, ó gbé e sílẹ̀ láàárín wọn. Ó sọ ọ́ ní ṣókí. Ó ní òun ń ṣiṣẹ́ níbi ìpajú, òun pa ìtànṣán, òun tẹ òntẹ̀ lé e, iṣu inú apẹ̀rẹ̀ yìí lè hù láti orí dé ìdí. Ó ní ọmọ òun kò mọ̀, àbúrò ọkọ òun kò mọ̀. Ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ ránṣẹ́ pe àwọn obìnrin padà.

Ìṣọ̀lá dìde dúró, ó wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ẹlòmíràn, ó sì yíjú kúrò. Ìyẹn ló dùn ún jù nínú ọjọ́ yẹn.

"O mọ ẹyẹ tó ń fò lókè yìí?" ni Ìyá Àgbà bi í.

Kò lo "ẹ" fún un mọ́.

"Mo mọ̀ ọ́n mà. Àárọ̀ yìí ni mo tó mọ iṣẹ́ rẹ̀."

"O mọ̀ ọ́n láàárọ̀. Mo gé iṣu yẹn lójú rẹ. O wò mí."

"Mo wò yín mà."

"Mo ń tù ọ́ nínú." Ìyá Àgbà yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Mo ń tù ú nínú, Ọdẹ́yalé. Ṣé o gbọ́ mi bí mo ṣe ń tù ú nínú?"

Ọdẹ́yalé ti ń wọ bàtà oko rẹ̀. Ó ní kí gbogbo ẹni tó lẹ́sẹ̀ máa bọ̀.

Wọ́n dé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń mí gúlegúle. Kò sẹ́ni tó ṣeré mọ́. Obìnrin kọ̀ọ̀kan tú ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀ sórí ẹní, Ìyá Àgbà sì ń to àwọn ẹ̀bù náà pọ̀ bó ṣe gé wọn, èèpo sí èèpo, títí iṣu náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí iṣu. Ó kù ibì kan nínú rẹ̀. Ti Moróunmúbọ̀ ni. Wọ́n dúró. Oòrùn kúrò lórí òkúta kan bọ́ sórí òmíràn, ẹyẹ náà sì kọjá lókè igi lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn dákẹ́ bí ẹni pé ó lè gbọ́.

Ṣíjúadé ló mú un dé, òun àti àǹtí rẹ̀. Erùpẹ̀ bo aṣọ ìdána rẹ̀ dé àyà. Ó kúnlẹ̀, ó fi ẹ̀bù tó kù sínú àlàfo náà, ó sì bọ́ síbẹ̀ gẹ́lẹ́.

"Èyí tó kù ńkọ́?" ni ẹnì kan bèèrè, ó ń tọ́ka sí apẹ̀rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n bẹ ẹ́," ni Àwẹ̀ró wí. "Èèpo náà lè hù. Ẹ jẹ́ n bẹ ẹ́ níbí, kí n jó èèpo, kí a se èyí tó kù. Bó bá ti kan iná, ó ti kú."

Kò sí ilé tí wọ́n ti ń se iṣu ìdána lọ́jọ́ ìdána. Ohun tí wọ́n ń ṣe sí àna tí wọ́n bá lé ni. Gbogbo wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun náà mọ̀. Ó mú ọ̀bẹ, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Oje iṣu ń yún un lọ́wọ́. Ó bẹ ọ̀kan, ó bẹ òmíràn, iṣu tí òun fúnra rẹ̀ ti wo tẹ̀yìn tọ̀ọ́kán kó tó ṣa á. Kò gbé ojú sókè. Ó ń gbọ́ tí èèpo ń ta nínú iná.

Ó pẹ́ kó tó rí i pé ọ̀bẹ mìíràn ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Moróunmúbọ̀ ni. Kò kí i, kò wò ó. Òmíràn jókòó, lẹ́yìn náà òmíràn, bí wọ́n ṣe máa ń jókòó ti iṣẹ́ tó bá ti kan gbogbo ilé. Wọ́n bá a bẹ ẹ́ láìbá a sọ̀rọ̀. Àwẹ̀ró ì bá fẹ́ kí wọ́n bú òun.

Nígbà tí ìkòkò ti ń hó, Ọdẹ́yalé wá dúró síwájú rẹ̀. Ó ti bá àwọn àgbà ilé sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀.

"Ìyá Ìṣọ̀lá," ló wí, "kò sẹ́ni tó máa gbọ́ èyí lẹ́nubodè. Bí Onírúgbìn bá gbọ́, wọ́n á mú yín, wọ́n á sì ní kí àwọn wá wo ilẹ̀ wa. A ti bá ara wa sọ ọ́."

"Ẹ ṣé, sà."

"Ọmọ yín kò mọ̀, a gbà á gbọ́. Mo bi Ṣíjúadé. Ó ní òun ṣì ń lọ." Ó wo ilẹ̀. Kò dùn mọ́ ọn láti sọ èyí tó kù. "Ṣùgbọ́n ìlú yìí ní òfin kan ṣoṣo tí a kì í yí. Ẹni tó bá gbé irúgbìn tó lè hù wọlé kì í tún wọlé mọ́. A ti lé ọmọ bíbí ibí lórí rẹ̀. Tí ọkọ̀ yín bá ti kọjá ẹnubodè lónìí, ó parí. Tí wọ́n bá bímọ, tí wọ́n bá gbé e wá síbí láti sọ ọ́ lórúkọ, ẹ ò ní lè bá wọn wá."

Ìṣọ̀lá la ẹnu láti bẹ̀bẹ̀. Àwẹ̀ró gbé ọwọ́ sókè sí i.

"Mo gbọ́, sà," ló wí. "Ó tọ́ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n bu iṣu fún gbogbo èèyàn. Kò sí ọ̀nà mìíràn, iṣu náà ti pọ̀ jù, ẹnikẹ́ni kò sì fẹ́ dà á nù; wọ́n jẹ́ èèyàn tó mọ ebi. Wọ́n jẹ ẹ́ lábẹ́ igi ìṣin láìsí ariwo. Bàbá Gbàdà jẹ tirẹ̀ bí ẹni ń jẹ oògùn. Àwẹ̀ró jókòó lọ́tọ̀ nítòsí ààrò, níbi tí eérú èèpo ti ń rú, ó gbé abọ́ lé itan kò fọwọ́ kàn án.

Ìyá Àgbà dìde láti ibi tó jókòó sí. Ó rọra rìn wá, ó fi ọwọ́ ti orókùn, ó jókòó sórí àpótí tó wà níwájú rẹ̀ pẹ̀lú abọ́ tirẹ̀. Ó bu iṣu sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ pẹ́.

"Ó dùn," ló wí.

Àwẹ̀ró gbé ojú sókè.

"Mi ò jẹ ẹ́ rí. Ní gbogbo ọdún tí wọ́n ti ń kó o wá, mo máa ń gé e, mo máa ń rì í mọ́lẹ̀, mi ò tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ yìí pé omi lásán ni." Ó tún bu. "Ó dùn, ó fọ́ nínú ẹnu. Ó dà bí iṣu ẹ̀fùrù tí ìyá mi ń gbìn. Ìyẹn ló ń bí mi nínú."

"Òun ló gba ẹ̀mí àbúrò mi là," ni Àwẹ̀ró wí.

"Mo gbà." Obìnrin arúgbó náà nu ẹnu rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò rọ̀, kò sì pe Àwẹ̀ró ní àna. Ó fi ìka tọ́ka sí abọ́ rẹ̀.

"Jẹun," ló wí. "Ọ̀nà rẹ jìn."

Àwẹ̀ró fọwọ́ kan iṣu náà. Ó gbóná. Ó bu ú, ó fi sẹ́nu, ó sì jẹ ẹ́ níṣojú rẹ̀ títí abọ́ fi tán.